Bọ́tìnnì Orí Tọ́ílẹ̀ẹ̀tì: Ibi Tó Ti Wá, àti Bó Ṣe Ń Gbé Omi Táǹkì Lọ Lóru

Ìtàn tá a mú wá lónìí, ẹ má rẹ́rìn-ín, ìtàn tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ni. Ìjà ló gbé wa débẹ̀, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ilé márùn-ún ló wà nínú kọ́mpáǹdì tiwa. Táǹkì kan ṣoṣo, onílítà 1,000, la jọ ń lò. Tí iná bá dé, a máa ń fa omi bọ̀hóòlù kún un. Tí iná ò bá dé, a ó dáwó epo jẹnẹrétọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, táǹkì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. A ó kún un lálẹ́ dé ẹnu, tó bá di ìdájí, tá a bá ṣí ẹ̀rọ, atẹ́gùn ni yóò máa tú jáde bí ẹni ń pòṣé.

Nígbà tí nǹkan bá ń sọnù nínú ilé, ojú èèyàn kì í kọ́kọ́ lọ sára rẹ̀. Tiwa lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ògì ní ilé ẹ̀yìn. Ògì ò ṣeé sẹ́ láìsí omi, ó sì máa ń jí ní agogo mẹ́rin òru. Kí la tún ń wá kiri? A pè é sí ìpàdé, a sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn ọmọ rẹ̀, a ní kó máa san owó epo ilé méjì. Kò bá wa jà. Ó kàn ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà." Láti ọjọ́ kejì ló ti ń ra omi lọ́wọ́ mérúwà, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ táǹkì mọ́. Táǹkì ò sì yéé gbẹ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó mọ ẹni tó ń mu omi. A ó débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, torí ohun tó ṣe wá yìí ti ṣe ìlú London rí, ó lé ní 150 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ṣòfin lé e lórí.

Àwọn baba ńlá wa ò fi omi gbé ìgbẹ́. Ààtàn wà, igbó ẹ̀yìn ilé wà, nígbà tó yá, ṣálángá dé. Omi tí obìnrin rù láti odò, tàbí tí wọ́n fi okùn fà nínú kànga, ta ló máa dà á sórí ìgbẹ́? Nígbà tí Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn kún àkúnya tí igbó ẹ̀yìn ilé tán, garawa ni ìjọba amúnisìn mú dé. Garawa á wà lábẹ́ ìjókòó, ilẹ̀kùn kékeré á wà lára ògiri ẹ̀yìn ilé. Agbépóò á dé lóru, á fa garawa yọ láti ìta, á gbé e rù. Wọ́n máa ń bo ojú torí kí ará ilé má baà dá wọn mọ̀. Ọmọ tó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí, ìyá rẹ̀ ló máa fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Ẹbúté Mẹ́ta mọ ohun tá à ń sọ, torí iṣẹ́ náà ṣì wà ní Èkó wọ àwọn ọdún 1970.

Kí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì olómi tó lè rọ́pò agbépóò, omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú páìpù. Ọdún 1915 ni wọ́n ṣí iṣẹ́ omi Ìjú tó ń fa omi wọ Èkó. Ẹ má rò pé gbogbo ará Èkó ló jó sí i. Láti 1908 ni Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìṣàdípẹ̀ Ọbasá ti dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, owó omi sì wà lára ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ará ìlú ni pé àwọn ní kànga tiwọn, òyìnbó ló nílò omi ẹ̀rọ, kí ló wá kan àwọn tí wọ́n á fi sanwó rẹ̀? Ní 1916, ọ̀rọ̀ náà di ìwọ́de. A ò lè dá wọn lẹ́bi tán. Ẹni tí garawa ṣì wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí wọ́n ní kó wá sanwó omi tí ẹlòmíràn yóò máa fi ṣan ìgbẹ́ lọ, ó yẹ kó bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń da omi yẹn gan-an, ibo ló ti wá?

Ní 1596, Sir John Harington, ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan tó kún fún àwàdà nípa tọ́ílẹ̀ẹ̀tì olómi tó ṣe sí ilé rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sórí póò wọn. Ó di 1775 kí Alexander Cumming, alágo ará Scotland, tó gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí tiẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni páìpù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà S lábẹ́ àwo, tí omi díẹ̀ máa ń dúró sínú rẹ̀ láti dí òórùn lọ́nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tọ́ílẹ̀ẹ̀tì yín, ìtẹ̀kọrọ náà wà níbẹ̀ títí dòní. Ní 1778, Joseph Bramah, káfíńtà tó máa ń bá àwọn èèyàn gbé tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ti Cumming kalẹ̀, tún un ṣe, ó sì gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Fáàfù ni gbogbo wọn fi ń dá omi dúró. Fáàfù ò ju ìdérí kan tó jókòó lórí ihò lọ. O ṣí i, omi ṣubú. O tì í, omi dúró. Ó rọrùn, ó sì dára, títí dọjọ́ tí ìdọ̀tí bá há sábẹ́ ìdérí, tàbí tí awọ ẹnu rẹ̀ bá jẹ. Látọjọ́ náà, omi á máa jo sínú àwo, kò ní pariwo, kò ní tutù sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà ní London tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ so fáàfù mọ́ òkè kí omi lè máa ṣàn tọ̀sán tòru, torí wọ́n fẹ́ kí àwo wọn mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ omi figbe ta. Ni Òfin Omi ìlú London ti 1871 bá dé, àti àwọn ìlànà tó tẹ̀ lé e: gbogbo tọ́ílẹ̀ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní táǹkì tirẹ̀, omi tó máa dà lẹ́ẹ̀kan ò gbọdọ̀ ju gálọ̀nù méjì lọ, ìyẹn bíi lítà 9, táǹkì náà ò sì gbọdọ̀ máa fi omi ṣòfò. Orúkọ tí wọ́n sọ táǹkì náà ni water waste preventer. Adènà ìfomiṣòfò. Ẹ gbọ́ orúkọ!

Ohun tó wá borí ni sáífọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi rọ́bà fa epo jáde nínú ọkọ̀ rí nígbà tí epo ṣọ̀wọ́n, ẹ ti mọ sáífọ̀n. Ẹ ó ti ẹnu rọ́bà kan bọ inú epo, ẹ ó fi ẹnu fa èkejì. Tí epo bá ti gun orí ìtẹ̀ rọ́bà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, á máa fa ara rẹ̀ lọ títí yóò fi tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tọ́ílẹ̀ẹ̀tì. Páìpù kan tẹ̀ kọjá lórí omi inú táǹkì. Tí o bá fa ẹ̀wọ̀n tàbí tẹ ọwọ́ rẹ̀, ó ta omi díẹ̀ gun orí ìtẹ̀, ìyókù sì tẹ̀ lé e. Ní 1898, Albert Giblin gba ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ kan tó pè ní Silent Valveless Water Waste Preventer. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àárín yẹn dáadáa: valveless, aláìní-fáàfù. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ọjà nìyẹn, pé fáàfù ò sí níbẹ̀. Thomas Crapper tí gbogbo ayé ń pariwo pé òun ló dá tọ́ílẹ̀ẹ̀tì sílẹ̀, òun kọ́ o. Pọ́ńbà tó rí ṣe gan-an ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ó sì ta ẹ̀rọ Giblin. Orúkọ rẹ̀ ló pọ́n lé e ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibí gan-an ni ẹjọ́ wa wà. Sáífọ̀n ò ní ìdérí kankan tí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ yọ́ lọ. Kí omi tó jáde, ó gbọ́dọ̀ gòkè ná, omi kì í sì í dá gòkè. Tí sáífọ̀n bá bà jẹ́, kì í jo. Ńṣe ló máa kọ iṣẹ́. Wà á tẹ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní dáhùn. Ojú ẹsẹ̀ ni onílé á mọ̀, á sì pe pọ́ńbà. Ti fáàfù yàtọ̀. Tí fáàfù bá bà jẹ́, tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lánàá. Omi ló ń lọ. Ẹ̀rọ kan ń fi àìsàn rẹ̀ hàn, èkejì ń fi í pamọ́.

Sáífọ̀n yìí ni òyìnbó kó wá bá wa ní Nàìjíríà. Ẹni tó gbé quarters ìjọba rí, tàbí tó sun ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, á rántí táǹkì irin tó wà lókè lára ògiri pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, àti ti ìgbẹ̀yìn tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Ó ń pariwo, ó ń gba omi púpọ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á já, wọ́n á fi okùn dípò. Ṣùgbọ́n kì í jalè lóru.

Bọ́tìnnì tiẹ̀ wá láti ibi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, ìyẹn Ọsirélíà. Ní 1980, Bruce Thompson tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Caroma níbẹ̀ ṣe táǹkì oníbọ́tìnnì méjì jáde. Ọ̀kan ń da lítà 11 fún ìgbẹ́, èkejì ń da 5.5 fún ìtọ̀. Kí ló dé tí wà á fi omi garawa kan ṣan ìtọ̀ ṣíbí mélòó kan? Ọgbọ́n ńlá ni, a ò jiyàn. Ní 1993, wọ́n tún àwo pàápàá ṣe, omi náà sì wálẹ̀ sí lítà 6 àti 3. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn rí i, ó wù wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì yẹn, fáàfù ni. Ìdérí rọ́bà lórí ihò, bíi tayé Bramah. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló di í mú pẹ́ jù: sáífọ̀n nìkan ni òfin wọn gbà títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2001, nígbà tí ìlànà tuntun gba fáàfù láyè, tó sì ní omi ò gbọdọ̀ ju lítà 6 lọ. Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ní 2020, àjọ Waterwise níbẹ̀ fojú bu pé omi tó ń jo nínú tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ilẹ̀ náà tó 400 mílíọ̀nù lítà lójúmọ́. Thames Water, tó ń fún London lómi, sì sọ pé bọ́tìnnì méjì yẹn ń fi omi ṣòfò báyìí ju èyí tó yẹ kó máa bá èèyàn fi pamọ́ lọ. Àwọn ará wa ní Peckham tí mítà omi wà nílé wọn lè má mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí bíìlì wọn mọ̀ ọ́n.

Ó wá kù bó ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ẹ lọ sí ọjà Dei-Dei lónìí kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ra tọ́ílẹ̀ẹ̀tì. Oníbọ́tìnnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ tò síwájú yín, funfun nini, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán bíi fàdákà. Ó rẹwà, kò wọ́n bíi ti àtijọ́, àwọn tó ń kọ́lé fẹ́ràn rẹ̀. Ìjọba náà ń rọ gbogbo wa pé ká ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àṣẹ Ààrẹ nọ́ńbà 009 ti oṣù kọkànlá 2019 ni wọ́n fi lòdì sí yíyàgbẹ́ ní gbangba. Omi tí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì yóò máa mu wá ńkọ́?

Ẹ wo ibi tá a wà. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976 ni ìjọba Murtala Muhammed fi òfin dá Abuja sílẹ̀ lórí ilẹ̀ àwọn Gbagyi, Bassa, Gade àtàwọn mìíràn tó ti ń gbébẹ̀. Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá 1991 ni olú ìlú kó wá láti Èkó, àwa náà sì tẹ̀ lé e. Owó ilé inú ìgboro ò ṣeé sún mọ́, Gwagwalada ló gbà wá. Odò Usuma tó ń kọjá lọ́dọ̀ wa níbí, lókè rẹ̀ lọ́hùn-ún ní apá Ushafa ni wọ́n ti kọ́ ìdídò Lower Usuma ní 1984 kí ìgboro lè rómi mu. Odò kan náà ni o. Àwọn tó wà ní Maitama ń mu ún nínú páìpù. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí odò ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wa kọjá ń gbẹ́ bọ̀hóòlù, a sì ń dúró de mérúwà.

Omi bọ̀hóòlù sì ń gbé yanrìn wẹ́wẹ́ bọ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí ìsàlẹ̀ táǹkì yín wò. Fáàfù tí wọ́n ṣe fún omi páìpù tó mọ́ lóló, yanrìn ló ń jẹ lọ́dọ̀ tiwa. Horo yanrìn kan lábẹ́ rọ́bà ti tó, rọ́bà ò ní jókòó dáadáa mọ́. Bọ́ọ̀lù inú táǹkì kékeré ẹ̀yìn àwo á rí i pé omi ń dín, á sì máa bu òmíràn sí i láti táǹkì ńlá. Ẹ̀yìn yín ń jo, iwájú yín ń kún, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bá a ṣe mọ̀ nìyí. Àbúrò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ pọ́ńbà ní Kubwa wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan. A ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi àti ti ìyá ológì fún un, àfi bó ṣe dìde, tó ní ká fún òun ní búlù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Ó ṣí ìdérí táǹkì kékeré, ó da búlù sí i, ó ní kẹ́nikẹ́ni má tẹ bọ́tìnnì. A jẹun, a mu omi. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó pè wá wọlé. Inú àwo ti dà bí aró. Kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀.

Ó tún fi bírò fa ìlà sí ibi tí omi dé nínú táǹkì náà, ó pa omi tó ń wọlé, a sì ń ṣọ́ ọ. Kí ìdajì wákàtí mìíràn tó pé, lítà 6 inú rẹ̀ ti lọ tán. Ẹ ṣírò rẹ̀: lítà 12 ní wákàtí kan, 288 láàárín ọ̀sán àti òru. Ó lé ní kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ́kànlá, tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣan ojú, tí ẹnikẹ́ni ò fi se nǹkan. A gbé búlù káàkiri kọ́mpáǹdì. Ti ilé bàbá tó ṣe alága ìpàdé náà ń jo. Ilé méjì nínú márùn-ún. Ti ìyá ológì ńkọ́? Bọ́tìnnì tirẹ̀ ti bà jẹ́ tipẹ́, ó ti pa omi táǹkì rẹ̀, ike ló fi ń bomi dà sí i. Tirẹ̀ nìkan ni kò lè jo.

Àtúnṣe rẹ̀ ò tó ohun tí èèyàn ń pariwo lé lórí. A ó sọ ọ́ bá a ṣe rí i kẹ́lòmíràn lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pa omi. Kọ́ọ̀kì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ̀ẹ̀tì níbi tí páìpù ti wọ táǹkì, àwọn pọ́ńbà ń pè é ní angle valve. Tiwa ti dípẹtà, kò yí, la bá lọ pa ti àpapọ̀ níta, àwọn ará ilé sì bú wa díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tú nǹkankan, ẹ wo inú táǹkì nígbà tí omi ṣì kún. Ọ̀pá kan tó lánu wà láàárín tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ sínú àwo. Tí omi bá ń yọ́ wọ ẹnu ọ̀pá yẹn, rọ́bà kọ́ ló bà jẹ́, bọ́ọ̀lù ló ń gba omi jù. Ẹ yí ìdè bọ́ọ̀lù náà wálẹ̀ títí omi á fi dúró ní bíi ìwọ̀n ìka kan sí méjì sísàlẹ̀ ẹnu ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ ti lọ ra fáàfù tuntun lásán nítorí èyí.

Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì kí omi lọ tán. Bọ́tìnnì ló máa ń di ìdérí mú nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Ẹ yí òrùka rẹ̀ sọ́wọ́ òsì, á jáde. Ẹ ṣọ́ra fún ìdérí, amọ̀ ni, kò gbọ́ bẹ̀bẹ̀ tó bá já. Ẹ tún wo ọ̀pá bọ́tìnnì bóyá ó gùn jù tó fi ń tẹ fáàfù lọ́rùn, kò ní jẹ́ kó jókòó. Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pá ọ̀hún sì ṣeé yí kúrú.

Lẹ́yìn náà, ẹ di fáàfù tó dúró bí ilé ìṣọ́ láàárín mú, ẹ yí i díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, á tú kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé. Òrùka rọ́bà tẹ́ ẹ rí lábẹ́ rẹ̀ yẹn, òun lọ̀daràn. Tiwa ò tiẹ̀ tíì jẹ. Yanrìn àti yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. A fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́, a fi ìka nu ètè ihò tó ń jókòó lé títí ó fi ń yọ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o, ẹ má fi irin fọṣọ̀-fọṣọ̀ bọ̀ ọ́, ojú ọgbẹ́ tẹ́ ẹ bá dá sí i ni omi á máa gbà. Ti bàbá alága ti ń wú, ètè rẹ̀ ti tẹ̀. Tuntun la rà. Ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ dání lọ sọ́jà, torí ìwọ̀n wọn ò dọ́gba, ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n máa lọ lẹ́ẹ̀mejì. A fún un padà, a yí i sọ́wọ́ ọ̀tún títí ó fi dún kẹ́, a ṣí omi, a tún da búlù sí i. Àwo funfun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ni omi ń kán sí, láàárín táǹkì kékeré àti àwo, ìyẹn yàtọ̀. Ó máa gba kí wọ́n sọ táǹkì náà kalẹ̀. Ẹ pe pọ́ńbà.

Àbúrò wa tún bá wa wí lórí ohun méjì. Kóró bíliìṣì aláwọ̀ tí wọ́n ń jù sínú táǹkì kékeré kí omi lè máa rùn dáadáa, kílórínì inú rẹ̀ máa ń jẹ rọ́bà. Ẹ fi sínú àwo, ẹ má fi sínú táǹkì. Èkejì ni páìpù tó ń jáde nínú táǹkì ńlá wa. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹni tó gbé e kalẹ̀ lu ihò rẹ̀ sí, gbogbo yanrìn tó bá rọ̀ sílẹ̀ ló sì ń gba ibẹ̀ wọ inú ilé. A ti gbé ihò náà sókè díẹ̀, a sì ń fọ táǹkì ká tó wọ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó wá ku ìyá ológì. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn náà la lọ bá a. Bàbá alága ló ṣíwájú, a dọ̀bálẹ̀, àwọn ìyàwó wa kúnlẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀ kan náà. Ó ní kò sí nǹkan, ká dìde. A ṣírò owó mérúwà tó ti ná láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a dá a, a fún un. Ó gbà á, ó kà á, ó dúpẹ́. Síbẹ̀, omi mérúwà ló fi ń sẹ́ ògì títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ọjọ́ tí òjò náà rọ̀, ó gbé ọpọ́n sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ní kí àwa náà gbé tiwa wá.